Kí A Tó Dá Òsílóskópù Lẹ́bi

Mítà lásán a máa sọ iye fólítì kan ṣoṣo fún ẹni tó ń wọn iná. Òsílóskópù ní tirẹ̀ máa ń yàwòrán: a óò rí bí fólítì ṣe ń gòkè, bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àti iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tó fi wúlò fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní EPAC, ilé-ẹ̀kọ́ Polytechnique tó wà nínú Yunifásítì Abomey-Calavi, àti fún àwọn tó ń tún ínfátà iná oòrùn ṣe ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yìí bá kọ 2 níbi tí a ti ń retí 20, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni pé ó ti bàjẹ́. Èrò tèmi ni pé ìdájọ́ yẹn máa ń yá jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ nípa ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí ìbéèrè tí a bi í, ni kò bá ohun tó wà lọ́kàn wa mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe ti wá, kó má wo bó ṣe tóbi tó nìkan, kó wo ìwà tó ń hù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oríṣi àṣìṣe kan, èyí tó máa ń jẹ́ ìlọ́po tàbí ìdá iye gẹ́lẹ́. Próòbù, ìyẹn wáyà olórí ṣóńṣó tí a fi ń kan ibi tí a fẹ́ wọ̀n, sábà máa ń ní bọ́tìnì kékeré tí a lè tì sí 1X tàbí 10X. Ní 10X, ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì ló ń wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá kó tó kọ ọ́ jáde. Bí próòbù bá wà ní 10X tí a fi ẹ̀rọ sí 1X, 20 á di 2. Bí ó bá jẹ́ òdì kejì, 20 á di 200. Ohun tó bàjẹ́ kì í sábà pín iye sí mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ tó ń pèsè ìgbì iná fún ìdánwò sábà máa ń ka iye rẹ̀ bíi pé 50 ohm ló wà níwájú rẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ òsílóskópù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1 ohm, fólítì 1 tí a pè á hàn ní fólítì 2. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Iná SBEE (ilé-iṣẹ́ iná ilẹ̀ Benin) tó ń wọlé wa tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Fólítì 220 tí a ń pè é kì í ṣe ibi gíga jù lọ tó ń dé; iye iná tààrà tí ìgbóná rẹ̀ bá a dọ́gba ni (Vrms). Ṣóńṣó rẹ̀ ń dé bíi 311, láti òkè dé ìsàlẹ̀ (Vpp) sì jẹ́ 622. Ẹni tó tẹ Vpp tó sì rí 622 lè rò pé orí ẹ̀rọ ti dàrú, bẹ́ẹ̀ Vrms ni ì bá tẹ̀ kó tó rí 220. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi próòbù lásán dán èyí wò ní sókẹ́ẹ̀tì. Lára ọ̀pọ̀ òsílóskópù, wáyà kúkúrú ẹlẹ́nu ọ̀nì tó wà lára próòbù so tààrà mọ́ wáyà ilẹ̀. Bí ó bá kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, iná á pàdé ilẹ̀, ẹ̀rọ lè jóná, ènìyàn sì lè fara pa. Àwọn kan máa ń gé ìsopọ̀ ilẹ̀ kúrò kí wọ́n lè bọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n nígbà náà ni gbogbo irin ara ẹ̀rọ lè gba iná. Próòbù differential (tó ń wọn ìyàtọ̀ fólítì láàárín ibi méjì) tí wọ́n ṣe fún fólítì gíga ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Oríṣi àṣìṣe kejì máa ń yí padà bí ìgbì bá ṣe yára sí. Bí iye bá tọ̀nà fún bátìrì, tó sì ṣìnà fún ìgbì tó yára, kápásítọ̀ inú próòbù ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ òsílóskópù ló ní irin kékeré níwájú tó ń pèsè ìgbì onígun mẹ́rin, ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá. A óò fi próòbù tó wà ní 10X kàn án: bí igun ìgbì bá yọ ṣóńṣó tàbí tó rí roboto, a óò yí súkúrù ara próòbù títí orí ìgbì á fi tẹ́jú. Bí ìyẹn bá tọ̀nà, ó lè jẹ́ pé agbára ẹ̀rọ kò ká ìgbì náà. Òsílóskópù 100 MHz (ìyẹn mílíọ̀nù 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá) kì í wọn ìgbì 100 MHz ní pípé. Níbẹ̀ gan-an, ohun tó ń fi hàn lè ti wálẹ̀ sí bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Oríṣi kẹta ni àṣìṣe kékeré tí kò kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ òsílóskópù díjítà ń pín gíga ojú wọn sí ìpele 256. Bí a bá fi í sí fólítì 50 fún àpótí kan lójú rẹ̀, tí àpótí jẹ́ mẹ́jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìpele kan ju fólítì 1.5 lọ, bátìrì tọ́ọ̀ṣì lódindi ti wọ inú ìpele kan ṣoṣo. Kí a dín fólítì fún àpótí kan kù títí ìgbì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ẹ̀rọ láìjáde síta. Kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní títàn fún bí ààbọ̀ wákàtí, kí a yọ próòbù, kí a sì jẹ́ kó tún ara rẹ̀ ṣe déédéé. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn lè wà nínú ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìwé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àlòkù tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa, pé kí ni a ń gbèjà rẹ̀ fún. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ń bàjẹ́, pàápàá bí wọ́n bá ti fi fólítì tó ju agbára rẹ̀ lọ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí a wọn bátìrì tuntun, kí a pààrọ̀ próòbù, kí a sì tún pààrọ̀ ihò tí a so ó mọ́. Bí àṣìṣe bá tẹ̀lé próòbù, próòbù ló jẹ̀bi. Bí ó bá dúró sí ihò kan, ihò náà ni. Bí gbogbo wọn bá ṣìnà, nígbà náà ni kí ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ atúnṣe. Ẹlòmíràn á ní mítà ni kó ṣe ìdájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mítà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní true RMS (wíwọn Vrms gidi) máa ń ka ìgbì onígun mẹ́rin fólítì 220 láti inú ínfátà sí bíi 244, bẹ́ẹ̀ òsílóskópù tó sọ 220 ló tọ̀nà.

Wọ́n á ní àyẹ̀wò yìí ń jẹ àkókò. Pípààrọ̀ pátì tí kò ṣe nǹkan kan ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń jẹ owó oníbàárà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí a máa kọ ipò próòbù, Vpp tàbí Vrms, àti fólítì fún àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ iye tí a bá rí. Iye tí a kò bá kọ nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tíì tó ẹ̀rí láti fi yọ pátì kúrò lára ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ.