Òṣùwọ̀n Tí Ọwọ́ Kò Lè Tó

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ìkirè tàbí ti Àpòmù láti ra ẹ̀wà, kọ́ńgò ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oníbàárà tí ó gbọ́n kì í wo òkìtì orí rẹ̀ nìkan; yóò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n bá wà lókè réré, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ọjà, ọwọ́ ta ni yóò kan ìdí rẹ̀?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1977 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbé Meteosat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì tí ń wo ojú ọjọ́, lọ sí òfuurufú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Olórí wọn wà lókè òkun tí ó wà ní gúúsù Gánà. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń yí, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára Áfíríkà tọ̀sán tòru. Ìkirè àti Àpòmù wà lábẹ́ ojú náà.

Kì í ṣe òjò gan-an ni ó ń rí. Ooru tí ń jáde láti orí àwọsánmà ni ó ń wọ̀n. Bí àwọsánmà bá ti ga tó ni orí rẹ̀ ń tutù tó. Orí àwọsánmà òjò àrá lè tutù dé ìwọ̀n Celsius 70 sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Inú òtútù yìí ni wọ́n ti ń fojú díwọ̀n òjò. Bí ẹ̀rọ bá ka òtútù náà dín, òjò ńlá yóò dà bí àwọsánmà lásán.

Ẹ̀rọ náà a sì máa darúgbó. Agbára ìríran rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Yìnyín tín-ín-rín a máa dì mọ́ apá rẹ̀ tí ó tutù, àfi kí wọ́n mú un gbóná kí ó tó kúrò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀rọ náà ru ohun dúdú kan tí wọ́n mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ dájú. Yóò wo ohun dúdú náà, yóò tún wo òfìfo ojú ọ̀run, níbi tí ooru kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Láàárín méjì tí ó mọ̀ ni yóò ti wọn èyí tí kò mọ̀. Ní ti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, Meteosat ìran kejì, tí àkọ́kọ́ wọn gòkè ní ọdún 2002, kò ru irú ohun bẹ́ẹ̀. Yanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó mọ́lẹ̀, àwọsánmà ibẹ̀ kò pọ̀, ìrísí rẹ̀ kì í sì í yí padà púpọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí yanrìn kan náà bá ń ṣú sí i lọ́dọọdún, ojú ni ó ti bàjẹ́, kì í ṣe yanrìn. Wọ́n tún ń wo òṣùpá, tí afẹ́fẹ́ àti òjò kì í bà lójú jẹ́. Láti ọdún 2005, Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fìmọ̀ ṣọ̀kan láti máa fi sátẹ́láìtì kan yẹ èkejì wò: àwọn méjèèjì yóò wo ibì kan náà lákòókò kan náà, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n rí wéra.

Kí ni èyí kan àgbẹ̀ kòkó? Òjò ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú fi ń gbilẹ̀. Òjò kan náà ni ó sì lè fọ oògùn tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín dànù. Ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi àwòrán àtijọ́ wé ti òní láìyẹ ojú méjèèjì wò, ogbó ẹ̀rọ lè di ìyípadà ayé lójú ènìyàn. Ìyípadà tòótọ́ sì lè fara pamọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó kéde pé òjò bàbá pọ̀ ju ti ọmọ lọ, kí ó kọ́kọ́ yẹ ìdí kọ́ńgò tí ó fi wọ̀n ọ́n wò.