Àjàkálẹ̀ àrùn Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà ní ọdún 2014

Àjàkálẹ̀ àrùn Ẹ̀bólà tó wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọdún 2014 bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje. Ó dé Port Harcourt ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì kú. Ní àkókò yẹn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn pàtó tí wọ́n fi ń wò ó. Ohun tó dá a dúró nínú ìlú tí èrò pọ̀ sí bí Èkó ni pé wọ́n tètè dá ẹni tó gbé e wọlé mọ̀, wọ́n sì wá àwọn tó fara kàn án kàn kí àrùn náà tó rí àyè tàn kálẹ̀.

Kòkòrò àrùn náà àti bí ó ṣe ń ràn

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa Ẹ̀bólà. Fáírọ́ọ̀sì kéré gan-an ju bakitéríà lọ, kò sì lè pọ̀ sí i àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ dá èyí mọ̀, nígbà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Yambuku, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, tí ó di Orílẹ̀-èdè Olóṣèlúaráìlú ilẹ̀ Kóngò lónìí. Odò Ebola tó wà ní agbègbè náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fura pé inú àdán tó ń jẹ èso ni ó ń gbé láìpa á lára. Láti ara ẹranko ni ó ti ń bọ́ sára ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú ẹnì kan tán, ènìyàn ni ó ń kó o ran ènìyàn.

Kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn bí èéyi. Inú omi ara aláìsàn ni ó wà: ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, ìtọ̀, itọ́, òógùn àti àtọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kan ojú, imú, ẹnu tàbí ojú egbò ẹlòmíràn, àrùn náà ti rí ọ̀nà wọlé. Aṣọ àti ibùsùn tí aláìsàn ti lò lè gbé e, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún un. Òkú ẹni tí Ẹ̀bólà pa pàápàá léwu gidigidi, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà ti kún ara rẹ̀ nígbà tí ó fi máa kú. Èyí ni ó fà á tí ìwẹ̀ òkú àti ìsìnkú fi tan àrùn náà kálẹ̀ ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, níbi tí àjàkálẹ̀ ńlá náà ti ń jà nígbà tí ó fi dé Nàìjíríà.

Ohun méjì nípa àrùn yìí ni ó mú kí ó ṣeé dá dúró. Èkíní, láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara ni àmì rẹ̀ máa ń hàn. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí ibà, ọkàn ẹni náà lè balẹ̀. Èkejì, ẹni tí kò tíì ní àmì kankan kì í kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ń ṣọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ibà kọ́kọ́ mú un, kò ní ríbi kó o ran ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibi tí ìṣòro wà ni pé àmì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ara ríro, ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti àárẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ dídà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni àmì Ẹ̀bólà gan-an, kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo aláìsàn.

Bí ó ṣe wọ Èkó

Patrick Sawyer, òṣìṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè Liberia tó tún jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ òfurufú láti Monrovia gba Lomé wá sí Èkó, nítorí ìpàdé àjọ ECOWAS tí yóò wáyé ní Calabar. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ kí ó tó gbéra, ó sì dákú ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn dókítà ilé-ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì ní àkókò náà, nítorí èyí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni First Consultant ní Obalende. Àwọn kan ti sọ lẹ́yìn náà pé orí ló kó Èkó yọ, nítorí pé ká ní wọ́ọ̀dù ńlá tó kún fún aláìsàn ni wọ́n gbé e lọ ni, ọ̀rọ̀ ìbá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú fún un. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, àgbà oníṣègùn ní ilé-ìwòsàn náà, kò gbà pé ibà nìkan ni. Ó bi aláìsàn náà léèrè bóyá ó ti bá ẹni tó ní Ẹ̀bólà pàdé, ìyẹn sì sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ àrùn yìí kan náà ni ó pa arábìnrin rẹ̀ ní oṣù yẹn. Adadevoh ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Àwọn aṣojú ìjọba Liberia fi ipá bèèrè pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ kí ó lè máa lọ sí ìpàdé rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà fi hàn pé Ẹ̀bólà ni. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, wọ́n sì sun òkú rẹ̀.

Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ kí èsì àyẹ̀wò tó jáde ti fọwọ́ kàn án láìwọ aṣọ ìdáàbòbò, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níwájú wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ìwákàn àwọn tó fara kan aláìsàn

Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìṣàkóso pàjáwìrì kan sílẹ̀. Àpẹẹrẹ èyí tí wọ́n ti ń lò fún gbígbógun ti pólíò, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé, Dókítà Faisal Shuaib tó ti wà nídìí iṣẹ́ pólíò ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Àǹfààní èyí kò kéré: àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé ti wà nílẹ̀, kò sì di ìgbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Iṣẹ́ náà kò ní àrà kankan nínú. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti wà nítòsí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti orí àwọn tó gbé e ní pápákọ̀ dé orí àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 ni òṣìṣẹ́ kan ń lọ bá ẹni kọ̀ọ̀kan nílé, tí ó ń wọn ìgbóná ara rẹ̀, tí ó sì ń bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọn a gbé e lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Yaba fún àyẹ̀wò. Gbogbo àwọn tí wọ́n ṣọ́ báyìí jẹ́ 894, ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n sì ṣe tó nǹkan bí 18,500. Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé kì í ṣe ti ìṣègùn nìkan. Àwọn onílé kan kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ Ẹ̀bólà yọjú sí àdúgbò wọn, ìtìjú sì mú kí àwọn mìíràn máa fi ara pamọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt fi hàn bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ní Èkó sá lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, dókítà kan sì tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì. Ara aláìsàn náà yá, ṣùgbọ́n dókítà náà kó o. Lẹ́yìn tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ó ṣì ń tọ́jú ènìyàn, ó sì bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọmọ tuntun kí ó tó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ó lé ní 500 ènìyàn tí wọ́n ní láti máa ṣọ́ nítorí rẹ̀.

Àhesọ: omi iyọ̀ àti orógbó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù káàkiri orílẹ̀-èdè pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá jí ọmọ wọn lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ròyìn pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, àwọn mìíràn sì dèrò ilé-ìwòsàn. Iyọ̀ púpọ̀ léwu fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì ń fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ara.

Ó yẹ kí a fìyàtọ̀ sáàárín èyí àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyẹn ní òṣùwọ̀n, ó sì wà fún ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Òun gan-an wà lára ohun tó gba ẹ̀mí àwọn aláìsàn là ní Yaba. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó yè é ròyìn pé òun ń fi ipá mu ọ̀pọ̀ lítà rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ó tilẹ̀ ń bì.

Orógbó náà di ọ̀wọ́n ní ọjà. Ohun tó fà á ni ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999, tó sọ pé èròjà inú orógbó dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ di oògùn nínú ara ènìyàn, kò sì sí aláìsàn kankan tí wọ́n fi hàn pé orógbó wò sàn.

Ìdáàbòbò ara

Bí àrùn náà ṣe ń ràn ni ó ń sọ bí a ṣe ń yẹra fún un. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn wúlò gan-an, nítorí ọṣẹ ń tú ìwọ̀ ọ̀rá tó bo fáírọ́ọ̀sì náà ká. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán nu èébì tàbí fọ aṣọ ẹni tí wọ́n fura sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ní ìbọ̀wọ́, ìbòjú àti omi apakòkòrò tó ní kílóríìnì ni iṣẹ́ náà wà fún. Òkú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wẹ̀ nílé, bí ó ti wù kí ó dun ẹbí tó. Ẹran ìgbẹ́ tí a bá òkú rẹ̀ nínú igbó kò ṣeé kun, kò sì ṣeé jẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn dẹ́kun bíbọ ara wọn lọ́wọ́ ní Èkó lọ́dún náà. Ní ti èyí, àṣà Yorùbá kò ní ìṣòro púpọ̀, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò béèrè pé kí ara kan ara.

Ohun tó ṣòro jù ni òtítọ́ sísọ. Ẹni tó bá ti ìlú tí àrùn wà dé, tí ibà sì mú un, ní láti sọ ibi tó ti wá fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí ó sì pe òṣìṣẹ́ ìlera dípò kí ó wọ dánfó lọ sí ilé-ìwòsàn.

Lẹ́yìn ọdún 2014

Àjàkálẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń bá a lọ títí di ọdún 2016, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 11,000. Wọ́n dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí a ń pè ní Ervebo wò ní Guinea ní ọdún 2015, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2019. Àwọn tó fara kan aláìsàn, àti àwọn tó fara kan àwọn náà, ni wọ́n sábà máa ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí, nítorí náà ìwé orúkọ irú èyí tí wọ́n kọ ní Èkó ṣì ni ó ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yà Ẹ̀bólà ti Zaire nìkan ni ó ń dènà. Nígbà tí ẹ̀yà ti Sudan bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún un. Ìwákàn àti ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń bá a jà títí wọ́n fi kéde òpin rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2023.