Ọjọ́ Mẹ́ta ní Ìbàdàn, àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé Kan ní Ọ̀wọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Nítorí náà ni àwa tí a ń gbé ní Ìfọ̀n, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, kì í fi í kọ ìpè nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa bá pè wá sí ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò tí a fẹ́ ròyìn lónìí kì í ṣe ti ìran wíwò nìkan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí a rò pé ó kan ilé púpọ̀ ní àgbègbè wa.

A ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, tí àwa àti òun jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìgbà èwe wa. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni a ń pe òun àti aya rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù June ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn kọlu Ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí ìsìn ń parí lọ, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40, àgbà àti ọmọdé. Ìyá Ìbejì kò sí níbẹ̀. Inú ìjọ tirẹ̀, ní ìlú kan náà, ni ó wà tí ó fi gbọ́ ìró náà. Láti ọjọ́ náà wá, bí igi ìdáná bá ta pàù, a sáré di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sí ìkáwọ́ wa.

Láìpẹ́ yìí ni Bàbá Ìbejì pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Àkọ̀wé, ẹ wá bá wa lo òpin ọ̀sẹ̀ kan. A ó mú yín yí ìlú ká. Lẹ́yìn náà, a fẹ́ kí ẹ bá wa wá ẹni tí yóò ra ilé náà. Ìyá Ìbejì sì ní kí ẹ bá òun mú àwòrán Bàbá tí ó wà lára ògiri pálọ̀ bọ̀, kí ó má bàa bá ilé lọ." A dáhùn pé ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò dùn.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, àwa, ìyàwó wa àti àbígbẹ̀yìn wa obìnrin wọ ọkọ̀ ní Ìfọ̀n. Ẹrù wa kò ju iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kẹ́ẹ̀gì epo kan lọ. Nígbà tí a dé ìtòsí Elégbèkà, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn agbébọn ti pa Ọlúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, ní ọjọ́ 26 oṣù November ọdún 2020, nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí ilé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé oorun ni ó gbé wa. Àdúrà ni a ń gbà nínú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ẹni tí ó kó kúrò ní ilé sí ojo. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, yóò sá.

Ní Ọ̀wọ̀, a dúró ṣí ilé ọ̀rẹ́ wa. Ekuru bo àga, aláǹtakùn sì ti so okùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé kan dé èkejì, ṣùgbọ́n omi kànga wà, ó sì mọ́ gaara. A sọ àwòrán Bàbá kalẹ̀ lára ògiri. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ agbádá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kòkó. Kòkó ni ó fi kọ́ ilé náà, kòkó náà ni ó fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ojú ibi tí a ti mú àwòrán náà kúrò funfun lára ògiri bí ojú àpá. A dì í mọ́ aṣọ, a sì gba ọ̀nà Àkúrẹ́, Iléṣà àti Ifẹ̀ lọ.

Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Mòlété, níbi tí wọ́n ń gbé. Inú wọn dùn púpọ̀. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni a fi gbà wá lálejò. Àwa tí a jẹ́ ará ilé iyán kọ́kọ́ wò ó tìfura-tìfura, ṣùgbọ́n a kò ju òkèlè mẹ́ta lọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè èkún. Ohun kan ni kò dùn mọ́ wa: nígbà tí a kí àwọn ìbejì ní èdè Ọ̀wọ̀, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n sì fi ti Ìbàdàn dá wa lóhùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a gun Òkè Mápó. Gbọ̀ngàn tí ó wà lórí rẹ̀ ni a ṣí ní ọdún 1929, àwọn òpó rẹ̀ ńlá sì dúró síbẹ̀ títí di òní. Láti ibẹ̀ a lọ sí Òkè Ààrẹ, níbi ilé-ìṣọ́ tí a kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Láyípo ni àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ọmọ wa ń kà á bí ó ti ń gùn ún, ṣùgbọ́n òòyì kọ́ ọ, ó sì gbàgbé iye tí ó ti kà. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, òrùlé tí ó ti dípatà tẹ́ lọ rẹrẹ ní gbogbo ìhà. Ọmọ náà bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìlú yìí parí sí?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tí a ti wo àwọn ẹranko ní ọgbà Yunifásítì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, a sọ̀kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀, a sì dúró ní ìsàlẹ̀ Ilé Kòkó. Àjà 26 ni ilé náà ní. Owó irè oko ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, pàápàá kòkó, ni a fi kọ́ ọ; ó sì parí ní ọdún 1965. Bàbá Ìbejì gbé ojú sókè títí, ó sì wí pé, "Àpò kòkó Bàbá wà nínú ilé yìí." Òtítọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ó bá ń wo ọlá Ìbàdàn, kí ó má gbàgbé Ọ̀wọ̀. Ní Ọ̀wọ̀ ni Ẹgbẹ́ Action Group ti fi ara hàn ní gbangba ní oṣù April ọdún 1951. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ó kọ ìwé ìmọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January ọdún 1955. A sọ fún ọ̀rẹ́ wa pé iná jó Ilé Kòkó gidigidi ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín tún un ṣe, ènìyàn sì padà sínú rẹ̀. Kò fèsì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi a lọ jọ́sìn ní ìjọ St. David, Kúdẹtì. Ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní ọdún 1853. Yẹjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ ilé Olúńlóyọ̀, wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó tán, wọ́n sì ń ta ohun-ìní wọn kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1869, nígbà tí ara kò gbà á mọ́, wọ́n lọ. A sọ ìtàn yìí fún Ìyá Ìbejì bí a ti ń rìn bọ̀ láti ìsìn, kí ó lè mọ̀ pé ìgbà dídúró wà, ìgbà lílọ sì wà, ẹnikẹ́ni kò sì dá ẹni tí ó lọ lẹ́bi. Ó bèèrè lọ́wọ́ wa pé, "Ṣé omi wà nínú kànga wa?" A ní ó wà. Ó tún bèèrè pé, "Ìjọ St. Francis ńkọ́?" A wí fún un pé ìjọ náà tún ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2023, àwọn ènìyàn sì ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì mú ọ̀rọ̀ ilé títà wá sí ojú tábìlì. Kí àwa tó la ẹnu, Ìyá Ìbejì dìde, ó tú aṣọ tí ó wà lára àwòrán náà, ó pe àwọn ìbejì, ó sì wí fún wọn pé, "Ẹ wo bàbá bàbá yín. Ní ilé rẹ̀ ni a bí yín sí." Lẹ́yìn náà ó dì í padà, ó gbé e lé ìyàwó wa lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá wa gbé Bàbá padà sí ibi tí ẹ ti mú wọn. Èmi kò tíì lè sùn níbẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọdún Kérésìmesì, ojúmọmọ ni a ó wá, a ó fa omi, a ó gbá ilé, a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú." Ọkọ rẹ̀ pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣì di kọ́kọ́rọ́ náà mú, Àkọ̀wé."

Ní ọjọ́ Ajé, bí a ti ń bọ̀, a yà ní Ọ̀wọ̀, a sì gbé àwòrán náà kọ́ sí ojú àpá rẹ̀. Ìyàwó wa gbá pálọ̀ náà. Ọmọ wa sì fa omi kan mu. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìlú ńlá, bí ẹ kò bá tíì lè padà wá sí ilé, ẹ fi bàbá wọn han àwọn ọmọ yín, ẹ sì máa fi èdè ilé kí wọn ní òròòwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ilé, ẹ bá wọn tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.