Kòkòrò Onílé àti Kòkòrò Àlejò

Àwọn àgbà a máa sọ pé inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ ń gbé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ènìyàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò ni ó ń gbé inú ẹ̀fọ́ tí kì í jẹ ẹ́. Bakitéríà ni mò ń sọ, àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí. Láti ìgbà ọmọ-ọwọ́ ni wọ́n ti ń bá wa da oúnjẹ tí ìfun nìkan kò lè dà; àyè tí wọ́n sì gbà kì í jẹ́ kí àlejò búburú tètè rí ibi jókòó. Àwọn ìbátan wọn ni ó ń mú ògì kan, tí ó sì ń mú irú ta sánsán.

Bakitéríà onígbáméjì kì í ṣe ọmọ inú ilé. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti òkun, irú èyí tí ọ̀sà Èkó jẹ́, ni ibùgbé rẹ̀. Bí ó bá wọ inú ìfun, oró ni ó ń tú jáde, ìfun a sì bẹ̀rẹ̀ sí da omi ara síta títí ènìyàn yóò fi gbẹ. Láàrin wákàtí díẹ̀, ó lè pa ènìyàn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀, Kòsọ́fẹ́, tí Alápẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí a dárúkọ. Àwọn aláṣẹ ìlera tọ́ka sí ohun mímu òfíò kan tí kò ní ìforúkọsílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń sá fún òfíò. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí bakitéríà yìí wọ̀ lára kì í ṣàìsàn rárá. Ara wọn le, wọ́n ń lọ sí ọjà Kétu, síbẹ̀ ó lè wà nínú ìgbẹ́ wọn fún ọjọ́ 1 sí 10. Níbi tí ṣalángá bá ti sún mọ́ kànga, tí àgbàrá òjò sì ń da méjèèjì pọ̀, a kò lè wo ojú ẹnìkan kí a fi mọ ibi tí àrùn ti wá.

Kí a má ṣe sáré ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn. A máa pa onílé mọ́ àlejò. Ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kan iyọ̀, nínú lítà 1 omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ni kí a kọ́kọ́ fún aláìsàn mu. Ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, omi a sì tẹ̀lé iyọ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn yìí ni oró onígbáméjì kò lè tì. Bí a ti ń fún un mu ni kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹni tí ó bá ti rẹ̀ débi tí kò lè mu mọ́, inú iṣan ni a óò ti fa omi sí i lára.