Onam: Oúnjẹ ọdún tí wọ́n ń jẹ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Íńdíà

Bí wọ́n bá dárúkọ oúnjẹ àwọn ará Íńdíà, kọ́rì inú agolo ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ọjà inú agolo. Ìyàwó ilé ní Íńdíà á lọ èròjà tirẹ̀, bí ọbẹ̀ tó fẹ́ sè bá ṣe gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oúnjẹ wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kó dé Kerala lásìkò ọdún Onam.

Ìpínlẹ̀ Kerala wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, létí òkun. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé girama láàrin ọdún 1970 sí 1985 á rántí àwọn olùkọ́ ará Íńdíà tó kọ́ yín ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Kerala ni wọ́n ti wá. Ohun tí wọ́n ń gbìn náà kò ṣàjèjì sí wa: àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́, elégédé, ata ilẹ̀.

Láàrin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni Onam máa ń bọ́ sí. Ìtàn wọn ní ọba kan wà tó ń jẹ́ Mahabali. Lásìkò tirẹ̀, ìlú tòrò, kò sí irọ́, gbogbo ènìyàn sì dọ́gba. Àwọn òrìṣà jowú rẹ̀. Ni Vishnu bá para dà di aràrá, ó tọrọ ilẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ọba. Ìṣísẹ̀ méjì ló fi gba ayé àti ọ̀run, ọba sì gbé orí ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Wọ́n tì í lọ sábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kó máa wá wo àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àsè tí wọ́n fi ń kí i káàbọ̀ ni wọ́n ń pè ní sadya. Àwọn ará ibẹ̀ ní bó gba kéèyàn ta ohun ìní rẹ̀, kó ṣáà jẹ oúnjẹ Onam.

Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin nínú sadya, àfi àwọn ìdílé kan ní àríwá Kerala tó máa ń fi ẹja tàbí adìẹ kún un. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni àwo, ṣóńṣó rẹ̀ á sì kọjú sí ọwọ́ òsì ẹni tó fẹ́ jẹun. Apá òsì yìí ni wọ́n ń bu iyọ̀ sí, àti ìpékeré tí wọ́n fi òróró àgbọn dín, èyí tí wọ́n fi ṣúgà pupa bò, máńgòrò kíkan tí wọ́n fi ata sí, àti ata ilẹ̀ tí wọ́n sè pẹ̀lú àjàgbọn. Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi ọbẹ̀. Aviyal ni èmi ì bá kọ́kọ́ na ọwọ́ sí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, irú iṣu kan àti ewébẹ̀ tí wọ́n gé gbọọrọgbọọrọ, tí wọ́n fi àgbọn lílọ̀ àti wàrà kíkan sè. Olan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn sè. Ó lè ju ogún oríṣi lọ lórí ewé kan. Ìgbà náà ni ìrẹsì tó dé. Àwọn tó ń pín in á gbé korobá, wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ewé kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní jókòó títí ìlà náà á fi yó. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kò sí ṣíbí.

Ní Aranmula, níbi tí wọ́n ti ń se irú àsè yìí fún àwọn awakọ̀ ojú omi tẹ́ńpìlì, oúnjẹ máa ń lé ní 60 oríṣi. Orin ni àwọn awakọ̀ náà fi ń béèrè èyí tí wọ́n fẹ́. Olóde kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nídìí ewé yìí o. Ọdún tí wọ́n fi ń rántí ìgbà tí gbogbo ènìyàn dọ́gba, láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè jókòó sórí ìlà kan náà jẹ ẹ́. Ìbí ni wọ́n fi ń pín ènìyàn sí ipò. Àwọn Brahmin wà lókè. Àwọn Ezhava, tí ọ̀pọ̀ wọn ń dá ẹmu àgbọn, wà nísàlẹ̀. Àwọn Pulaya tó ń ṣiṣẹ́ oko ìrẹsì tún wà lábẹ́ wọn. Yorùbá ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, ṣùgbọ́n kò sí bí Pulaya ṣe lè wẹ ọwọ́ tó. Àní Ezhava tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú fúnra rẹ̀ kì í bá a jẹun.

Lọ́dún 1917, ní Cherai lẹ́bàá ìlú Kochi, ọ̀dọ́mọkùnrin Ezhava kan tó ń jẹ́ Ayyappan kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, wọ́n sì bá àwọn Pulaya jókòó jẹun ní gbangba. Oúnjẹ náà kò tó nǹkan, kì í ṣe sadya rárá, ṣùgbọ́n ìlú gbaná. Àwọn Ezhava bíi tirẹ̀ ló yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n ń pè é ní Pulayan Ayyappan láti fi bú u. Ó gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè. Sree Narayana Guru, àgbà olùkọ́ tí àwọn Ezhava ń tẹ̀ lé, gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 1936, ọba Travancore tó múlé gbè wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì sílẹ̀ fún àwọn Híńdù tí wọ́n ti ń lé sẹ́yìn. Ayyappan di mínísítà kó tó kú lọ́dún 1968. Sahodaran, ìyẹn arákùnrin, ni wọ́n ń pè é dòní.

Lónìí, Híńdù, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ní Kerala ló ń ṣe Onam. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò dáná mọ́, wọ́n ń ra sadya ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan sì ń lo bébà tí wọ́n tẹ̀ láwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ewé gidi jẹun, ẹ ká a sọ́dọ̀ ara yín nígbà tẹ́ ẹ bá yó. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń sọ fún olóde pé oúnjẹ dùn nìyẹn. Ibi òkú ni wọ́n ti ń ká a síwájú.