Ọrùn Gìtá Nínú Ọyẹ́

Inú oṣù Ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ onígìtá máa ń kíyèsí i pé ohun èlò wọn ti yí padà. Kì í ṣe ètè àti gìgísẹ̀ ènìyàn nìkan ni ọyẹ́ ń mú là. Ó ń fa omi inú igi pẹ̀lú. Pátákó pẹlẹbẹ tó wà lójú ọrùn gìtá, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, a máa tètè jìyà rẹ̀, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ gìtá, a kì í fi ọ̀dà dídán bo ibẹ̀. Igi náà yóò sún kì, ṣùgbọ́n àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ kò ní sún kì. Etí wọn yóò wá yọ síta bí eyín ayùn.

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gìtá tì nítorí èyí. Ìka rẹ̀ ń bó, wọ́n sì ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ti olùbẹ̀rẹ̀ máa ń rí. “Ẹ̀gbọ́n, bóyá ọwọ́ mi ni kò yẹ fún un,” ni ó wí fún mi. Mo fi àtàǹpàkò ra etí ọrùn gìtá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin ni ó ń gé e.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo irú igi tó jẹ́. Pátákó dúdú tàbí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sábà máa ń jẹ́ ebony tàbí rosewood, ìyẹn sì ń fẹ́ òróró. (Ebony kò jìnnà sí wa: Kamẹrúùnù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ilé iṣẹ́ Taylor ti Amẹ́ríkà sì ní ìpín nínú ilé ìlagi kan ní Yaoundé láti ọdún 2011.) Maple, èyí tó funfun bí wàrà, sábà máa ń ní ọ̀dà lójú, aṣọ tó tutù díẹ̀ ti tó o, ẹ má fi òróró kàn án.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ okùn ni iṣẹ́ yìí dára jù. Ẹ tú okùn, kí ẹ fi síngílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ ti fún gbẹ dáadáa nu ojú igi, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ yọ ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ irin. Òógùn àti ọ̀rá ìka ló dì síbẹ̀. Bí ó bá le, etí káàdì báńkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ yóò há a kúrò. Kànìnkànìn onírin ilé ìdáná ti le jù. Èyí tó rọ̀ bí òwú, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0000, ni a lè fi ra ojú igi, kí ẹ máa tẹ̀lé bí igi ṣe là. Lórí gìtá oníná, ẹ fi téèpù bo àwọn òòfà abẹ́ okùn kí eruku irin má baà lẹ̀ mọ́ wọn.

Ìyá mi gbà pé kò sí ohun tí òrí kò lè tọ́jú. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gìtá sílẹ̀! Òrí, epo pupa àti òróró ẹ̀pà yóò kan lórí igi, wọn yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Kíkan rẹ̀ kò ṣe igi àti irin lóore. Kì í ṣe òun ni òróró lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fún gìtá. Ẹ kán díẹ̀ nínú òróró yìí sórí aṣọ, kí ẹ fi pa igi, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì nu gbogbo èyí tó kù kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó.

Òróró nìkan kò lè dá igi tó ti sún kì padà. A ní láti gbé gìtá ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ẹni tó fi fáìlì rẹ́ etí irin náà. Láti ìgbà náà, inú àpótí ni gìtá náà ń sùn nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú kànìnkànìn tútù nínú ike ọṣẹ tí a dá lu. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni gìtá fẹ́ràn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọ̀n ọ́n, ó sì tó ohun tí ènìyàn ń fowó rà.