Ọ̀fọ̀ Àwọn Tí Kò Mọ Òkú: Àlàyé Lórí Ìdárò Steve Irwin, Ọdẹ Ọ̀nì

Ìfáàrà

Nínú àṣà Yorùbá, a kì í ṣọ̀fọ̀ láìnídìí. Ìdí náà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àna, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́, ó sì lè jẹ́ àdúgbò. Bí ènìyàn bá kú, àwọn ọmọ a máa sunkún, ìyàwó a ṣe opó, ẹgbẹ́ a wá bá wọn kẹ́dùn, ará àdúgbò a sì wá jókòó sí ojúde. Oníkálùkù mọ ipò rẹ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu òun jáde. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni pé: kí ni kí a pe ẹkún ẹni tí kò bá òkú tan, tí kò bá a ṣẹgbẹ́, tí kò bá a gbé àdúgbò, tí kò tilẹ̀ fojú kàn án rí bí kò ṣe nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán? Ṣé ọ̀fọ̀ ni, àbí àṣejù?

Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Gbénga Adébóyè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, kú ní oṣù kẹrin ọdún 2003, àwọn tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ tí wọn kò mọ ojú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n sunkún. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí a yàn jìnnà sí ilé, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá sún mọ́ ojú jù kì í jẹ́ kí a rí i dáadáa. Àpẹẹrẹ náà ni ikú òjijì tí ó pa Steve Irwin, atọ́kùn ètò ẹranko ìgbẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2006.

Ta ni Ọdẹ Ọ̀nì?

Ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1962 ni wọ́n bí Stephen Robert Irwin ní ìlú Melbourne. Ní ọdún 1970, àwọn òbí rẹ̀, Bob àti Lyn, kó lọ sí ìpínlẹ̀ Queensland, wọ́n sì dá ọgbà kékeré kan sílẹ̀ ní Beerwah níbi tí wọ́n ti ń sin ejò, ọ̀nì àti àwọn ẹranko mìíràn. Inú ọgbà yìí ni Irwin dàgbà sí. Òun ni ó gba àkóso rẹ̀ ní ọdún 1991, ọgbà náà ni ó sì wá di Australia Zoo tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1992, ó gbé Terri, ọmọ Amẹ́ríkà, níyàwó. Dípò kí tọkọtìyàwó tuntun lọ fara nísinmi níbi ìgbafẹ́, ọ̀nì ni wọ́n lọ mú. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà náà ni ó di ìpín àkọ́kọ́ nínú ètò The Crocodile Hunter, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1996.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ ètò yìí, Ọdẹ Ọ̀nì. Ọdẹ tí kì í pa ẹran ni Irwin. Bí ọ̀nì bá ń dààmú àwọn ènìyàn níbì kan tí wọ́n sì fẹ́ pa á, òun ni yóò mú un láàyè, tí yóò sì gbé e lọ síbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àwọn kan lè sọ pé orúkọ náà kò rò ó. Etí Yorùbá kò ní tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá rí, tí ó gbọ́ bí ọdẹ ṣe ń ki erin, tí ó ń ki ẹfọ̀n, tí ó ń ṣàpèjúwe ìwo rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdẹ kò pin sí orí ìbọn. Ẹni tí ó mọ ẹranko, tí ó mọ ibi tí ó ń sùn àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, ni ọdẹ. Nínú kaakí penpe rẹ̀, Irwin a dojú kọ kámẹ́rà, a na ọwọ́ sí ejò olóró tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì máa yìn ín pé arẹwà ni. Bí nǹkan bá yà á lẹ́nu, a ké pé "Crikey!" bí àgbàlagbà wa ṣe ń ké pé "Yéè!" Ó ń bá olùwòran sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ lúgọ sínú igbó kan náà ni.

Ní ọjọ́ tí ó kú, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Batt Reef, nínú òkun nítòsí ìlú Port Douglas, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù kan lórí àwọn ẹranko inú òkun tí wọ́n léwu jù lọ. Ojú ọjọ́ kò dára, iṣẹ́ fíìmù sì dúró. Irwin kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Ó wọ omi lọ láti ya àwòrán díẹ̀ fún ètò tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bindi, ọmọ ọdún 8, ń ṣe lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹja pẹlẹbẹ ńlá kan tí ẹ̀gún olóró wà ní ìrù rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní stingray, ti gún un láyà. Ẹni ọdún 44 ni nígbà náà. Ẹni tí ó ti ń bá ọ̀nì wọ̀yá ìjà láti kékeré ni ẹja tí kì í sábà pa ènìyàn pa. Ní ọdún 2014, Justin Lyons, ẹni tí ó di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ náà, ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí ẹja náà ti rí òjìji Irwin lókè orí rẹ̀, kí ó sì rò pé ẹja ńlá tí ń pa irú òun jẹ ni ó dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òkú ọ̀fọ̀ ni

Àwọn Yorùbá ń ya òkú ọ̀fọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkú àgbà. Ti àgbà, ijó àti ayọ̀ ni. Ti Irwin, òkú ọ̀fọ̀ pọ́ńbélé ni lójú ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àṣà wa: baba rẹ̀ ṣì wà láyé, ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọdún 8, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọdún 3. Àdúrà tí òbí Yorùbá ń gbà ní gbogbo ìgbà pé kí ọmọ ó sin òun ni ó yí dà fún Bob Irwin. Nígbà tí ìjọba sọ pé àwọn yóò ṣe ìsìnkú ìjọba fún ọmọ rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ènìyàn lásán ni ọmọ òun ka ara rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì fẹ́ kí a rántí òun.

Ẹbí sin ín ní bòńkẹ́lẹ́ nínú ọgbà ẹranko náà ní ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án. Àwọn àjèjì ti ń ṣe tiwọn ní ìta. Lẹ́nu ọ̀nà Australia Zoo, òdòdó di òkìtì. Àwọn ènìyàn kó ẹ̀wù kaakí wá, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí i lára. Ẹni kankan kò pàṣẹ kaakí fún wọn. Àwọn tí kò ní ipò nínú ìsìnkú ni wọ́n wá nǹkan tí wọ́n lè fi sọ pé àwọn náà pàdánù, wọ́n sì mú aṣọ òkú fúnra rẹ̀ ṣe aṣọ ọ̀fọ̀. Lójú tiwa, èyí ni ohun tí ó gba àfiyèsí jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe ìrántí fún un ní gbàgede ìwòran ọgbà náà, níwájú ènìyàn tí ó lé ní 5,000, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e káàkiri ayé. Wọ́n fa àsíà orí afárá Sydney wálẹ̀ dé ìdajì òpó. Àwọn ìwé ìròyìn ní ó lé ní 300 mílíọ̀nù ènìyàn tí ó wò ó. Ẹni tí ó kà wọ́n ni a kò rí. Bob dìde, ó ní kí wọ́n má ṣe ṣọ̀fọ̀ Steve, kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ àwọn ẹranko tí wọ́n pàdánù ọ̀rẹ́ tí ó dára jù lọ fún wọn, ó sì ní òun náà pàdánù ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, wọ́n wa ọkọ̀ tí Irwin fi ń ṣiṣẹ́ jáde kúrò ní gbàgede náà fún ìgbà ìkẹyìn, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sì fi òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kọ "Crikey" sílẹ̀.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tí yóò rí ọkọ̀ yẹn tí kò ní rántí ìṣípà ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì gbé ìpà náà lọ sínú igbó. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ó dà bí ẹni pé olóògbé ṣì wà nínú ẹgbẹ́. A kò sọ pé àwọn ará Ọsirélíà mọ ìṣípà o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wé mọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kò lè sin ara rẹ̀ nìkan kí a fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun sí i.

Ojú kan ni ó mọ̀

Kí ló wá dé tí àwọn tí kò pàdé rẹ̀ rí fi sunkún? Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Horton àti Richard Wohl, ṣàlàyé pé atọ́kùn tí ó bá ń wo ojú kámẹ́rà tí ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ a máa dá ìbádọ́rẹ̀ẹ́ alápákan sílẹ̀. Olùwòran mọ ìṣe rẹ̀, ó mọ àwàdà rẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Atọ́kùn kò mọ olùwòran rárá. Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tí ó rọrùn láti ya èyí sọ́tọ̀: ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mọra. "Mọra" gba ẹni méjì. "Mọ̀ ọ́n" lè parí sọ́dọ̀ ẹnì kan. Síbẹ̀ ìmọ̀ alápákan kì í ṣe irọ́. Ọmọ tí ó ń wo Irwin nínú pálọ̀ ilé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti lo wákàtí púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju èyí tí ó lò lọ́dọ̀ àbúrò baba rẹ̀ tí ń gbé ìlú mìíràn lọ. Bí wákàtí wọ̀nyẹn bá dópin lójijì, nǹkan kan ti kúrò nínú ayé ọmọ náà ní tòótọ́.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣìnà

Ọ̀fọ̀ tí kò ní olórí ẹbí tí yóò darí rẹ̀ a máa ṣìnà. Láàrin ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ikú Irwin, wọ́n rí stingray tí kò dín ní 10 ní òkú ní etíkun Queensland, tí wọ́n ti gé ìrù àwọn kan nínú wọn. Ìfura tí ó gbilẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn Irwin ni wọ́n ń gbẹ̀san. Àjọ Wildlife Warriors, tí Irwin fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ fún ààbò ẹranko, bu ẹnu àtẹ́ lù ú kíákíá. Ẹ wò ó: ẹja tí ẹ̀rù ń bà, tí ó gbèjà ara rẹ̀, ni wọ́n sọ di apànìyàn, wọ́n sì pa irú rẹ̀ nítorí ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ pé kí a má ṣe pa á.

Ọ̀nà kejì tí ó ṣìnà kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ikú náà, òǹkọ̀wé Germaine Greer kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Guardian pé àwọn ẹranko ti gbẹ̀san lára Irwin, nítorí pé kì í fún wọn ní ààyè tiwọn. Wọ́n bú u, àwọn olóṣèlú pàápàá sì dá sí i. Lójú tiwa, àkókò ni Greer kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí a sọ láéláé. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, Irwin gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ oṣù kan dání nígbà tí ó ń fi ọwọ́ kejì bọ́ ọ̀nì, gbogbo ayé sì bínú sí i. Nínú ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ yẹn, àwọn tí ń dárò rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Oríkì tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń ki akíkanjú, a sì máa ń ki aláìgbọ́ràn nínú ẹnì kan náà, òkú kì í sì í kéré sí i.

Olùkọ́ níwájú ọmọ tí ń sunkún

Bindi, ọmọ ọdún 8, dìde níbi ìrántí náà, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé: akọni òun ni baba òun, òun sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ilẹ̀ wa, a ó ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìyá àgbà, a ó sì sọ fún un pé bàbá rìnrìn àjò. Kò dá wa lójú pé gbàgede tí kámẹ́rà kún ni ó yẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò dá wa lójú mọ́ pé ìrìn àjò yẹn náà yẹ ọmọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń dúró de ìpadàbọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú kíláàsì. Ní ọdún kan tí a lọ bẹ ọ̀kan nínú wọn wò níbi tí ó ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a bá ọmọ kan tí ó ń sunkún lẹ́yìn kíláàsì. Òṣèré kan tí ó máa ń wò nínú fíìmù ni ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa bi í pé, "Ṣé bàbá rẹ ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà nu ojú rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè náà bá àṣà mu, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá. Ohun tí ó ṣòro ni pé ọmọ náà kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó lè dárúkọ.

Ìdárò jẹ́ ara iṣẹ́ wa. A ń kọ́ wọn ní ìrèmọ̀jé, a ń kọ́ wọn ní ẹkún ìyàwó, a ń bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò. Kí ni ó dé tí a kò fi lè ní kí ọmọ tí ń sunkún sọ ohun mẹ́ta tí ó mọ̀ nípa ẹni tí ó kú, kí ó fi ọ̀kan tí kò dára kún un, kí àwọn yòókù gbè é bí elégbè ṣe ń gbe orin? Bí ó bá jẹ́ Irwin ni, kí a bi wọ́n pẹ̀lú pé kí ni ẹja yẹn rí lókè orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, a kọ máàkì tí ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìṣe yé àwọn ọmọ. A kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹkún náà rárá. Orúkọ òṣèré tí ọmọ yẹn ń sunkún nítorí rẹ̀ pàápàá, a kò bi í.